Àṣírí tú! Bí Mastro ṣe gé etí káàdì olówó ńlá, tó sì tà á fáwọn èèyàn

Béèyàn bá gbọ́ pé wọ́n ra páálí kékeré kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ní mílíọ̀nù dọ́là, onítọ̀hún lè ní irọ́ ni. Òótọ́ ni o, Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀. Àwòrán Honus Wagner, gbajúmọ̀ tó gbá bésíbọ́ọ̀lù fún Pittsburgh láyé ọjọ́un, ló wà lára páálí náà.

Láàrin 1909 sí 1911, àwọn onísìgá ń fi àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù sínú páálí sìgá kí ọjà wọn lè yá. Wagner ní kí wọ́n yọ tòun kúrò. Àwọn kan ní kò fẹ́ káwọn ọmọdé tìtorí òun ra sìgá. Àwọn mìíràn ní owó ló ń bá wọn jà sí, torí òun náà ń jẹ tábà. Èyí ó wù kó jẹ́, ìwọ̀nba ló jáde, èyí táwọn èèyàn sì mọ̀ pé ó kù ò ju bí ọgọ́ta lọ.

Ọ̀kan nínú wọn mọ́ tónítóní bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bill Mastro, àgbà nídìí òwò yìí, rà á ní 25,000 dọ́là ní 1985. Ní 1991, Wayne Gretzky, ọba àwọn agbáhọ́kì orí yìnyín, àti ọ̀gá rẹ̀, Bruce McNall, rà á ní 451,000 dọ́là. Ilé-iṣẹ́ PSA tó ń yẹ káàdì wò fún un ní máàkì 8 nínú 10. Ní 1996, obìnrin kan jẹ ẹ́ nínú tẹ́tẹ́ oríire, ṣùgbọ́n owó-orí rẹ̀ ju agbára ẹ̀ lọ, ló bá tà á. Nígbà tó fi di 2007, Ken Kendrick ti san mílíọ̀nù 2.8 dọ́là lé e lórí.

Ṣùgbọ́n bírọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ní 2013, Mastro fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ní kóòtù Chicago pé òun ti gé etí káàdì náà kó lè dà bíi tuntun, òun ò sì sọ fẹ́nikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, nínú òwò yìí, káàdì tí wọ́n bá ti gé, iyì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó tún jẹ́wọ́ pé níbi gbàǹjo òun, wọ́n máa ń pe owó èké láti fi gbé ọjà ga. Ẹ̀wọ̀n ogún oṣù ni adájọ́ sọ ọ́ sí ní 2015.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ rèé: ní 2022, Wagner mìíràn tó ti gbó, tó gba máàkì 2 péré, lọ ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là. Kí ló wá dé tí Mastro ò fi tiẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà?