Ọ̀nà Ìdírókò àti Ọ̀rọ̀ Ìjọba Àpapọ̀ Àgbáyé

Ọ̀rọ̀ ìjọba àpapọ̀ àgbáyé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olóṣèlú nígbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí a bá sì dárúkọ rẹ̀ ní ilé-ìwé, a máa dà bí àlá àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun. Ṣùgbọ́n ní tiwa, a rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa rárá. Ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ṣàngó wá, tí ó la Ọ̀tà kọjá, tí ó sì lọ títí dé Ìdírókò, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà parí sí, tí ilẹ̀ Benin, tí a ń pè ní Dahomey títí di ọdún 1975, bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Ṣàngó-Ọ̀tà mọ̀ pé ìlú iṣẹ́ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń rọ irin wà níbẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ike wà níbẹ̀. Àwọn tí ń ṣe oògùn, oúnjẹ àti ohun mímu kò gbẹ́yìn. Ọ̀nà kan náà tí òṣìṣẹ́ ń tọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ni ẹrù lè tọ̀ dé Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Àwọn tí ó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà náà kì í sì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jùmọ̀ pààlà sí àárín wọn. A kò bi àwọn onílẹ̀ léèrè.

Láti tún ohun tí ó bàjẹ́ yìí ṣe, ìjọba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pàdé ní ìlú Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó dá àjọ ECOWAS sílẹ̀. Ní ọdún 1979, ní Dakar, wọ́n tún ṣe àdéhùn pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Wọ́n sì là á sílẹ̀ pé kí ẹrù tí a bá ṣe ní ilẹ̀ wọn, tí ó bá ìlànà mu, máa kọjá láìsan owó-bodè. Òfin rere ni gbogbo èyí.

Ọ̀tà alára ní ipa tirẹ̀ nínú irú èrò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1988, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ẹni tí ó ti ṣe olórí ìjọba ológun láti 1976 sí 1979, dá Africa Leadership Forum sílẹ̀, ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Ọ̀tà, lójú ọ̀nà Ìdírókò yìí kan náà. Ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn tí ó ṣètò ìpàdé ńlá tí a ṣe ní Kampala, ní ilẹ̀ Uganda, ní oṣù karùn-ún ọdún 1991. Igbá mẹ́rin ni ìpàdé náà gbé kalẹ̀ fún Áfíríkà: igbá ààbò, igbá ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ìjọba, igbá ìdàgbàsókè, àti igbá ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Kókó ọ̀rọ̀ wọn ni pé àlàáfíà ilẹ̀ kan kò ṣeé yà kúrò lára ti aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé lórí èyí. Àwọn àgbà ti sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ ọdún 2003, tí Ọbásanjọ́ ti di ààrẹ tí a dìbò yàn, ìjọba Nàìjíríà ti bodè mọ́ orílẹ̀-èdè Benin fún bí ọ̀sẹ̀ kan nítorí àwọn olè tí ń jí ọkọ̀ gbé sá kọjá ààlà. Oníṣòwò kan, ọmọ Nàìjíríà, tí ó ní àdéhùn láti lọ gbé ẹrù ní Benin, kò rí ọ̀nà kọjá. Ó pe ìjọba tirẹ̀ lẹ́jọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ó dé iwájú ilé-ẹjọ́ náà nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2004, àwọn adájọ́ dáhùn pé ìwé tí ó dá ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ kò mọ ẹnìkan ṣoṣo. Ìjọba nìkan ni ó lè pe ẹjọ́, kódà nítorí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wò ó ná. Ta ni yóò bá ọkùnrin yìí pe ẹjọ́? Ìjọba rẹ̀ ni. Ta ni ó sì fẹ́ pè lẹ́jọ́? Ìjọba rẹ̀ kan náà ni.

Àwa kò mẹ́nu kan èyí láti bu ẹnikẹ́ni kù. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé èrò rere tí ó wà lọ́kàn olórí kò lè dúró nípò òfin. Ọkùnrin tí ó pe Áfíríkà sí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ìjọba rẹ̀ ti bodè, nítorí pé kò sí ohun kan tí ó ga ju ìfẹ́ inú ìjọba lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán síbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, lábẹ́ ìjọba mìíràn, a tún ti àwọn bodè orí ilẹ̀. Ìdí tí ìjọba sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ: fàyàwọ́ ìrẹsì ń ba iṣẹ́ àgbẹ̀ jẹ́, ohun ìjà sì ń gba inú igbó wọlé. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ìjọba máa wo fàyàwọ́ níran. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó ní ìwé, tí ó sì bá òfin mu, a dá òun náà dúró pẹ̀lú ẹrù fàyàwọ́. A ṣí bodè mẹ́rin ní oṣù kejìlá ọdún 2020; Ìdírókò kò sí lára wọn. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni àwọn aṣọ́bodè tó kéde pé a ti ṣí i.

Kí ni ó fà á tí òfin rere kò fi lágbára? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ni ECOWAS jẹ́. Kò tíì di ìjọba àpapọ̀. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ìjọba, ìjọba ni ó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, èyí tí ó bá wù ú ni ó ń gbọ́, ó sì lè dìde kúrò nígbà tí inú bá bí i, gẹ́gẹ́ bí Mali, Burkina Faso àti Niger ti ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Ìjọba àpapọ̀ yàtọ̀. Nínú rẹ̀, ọmọ ilé méjì ni olúkúlùkù wa: ilé kékeré àti ilé ńlá. A ń dìbò nínú méjèèjì, òfin méjèèjì ń dé ọ̀dọ̀ wa, adájọ́ sì wà tí ń là wọ́n níjà.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ èyí dáadáa. Nígbà tí òfin ìjọba àpapọ̀ fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1954, Ìwọ̀-Oòrùn di ilé kékeré tí ó ní agbára tirẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ kò ní àṣẹ láti ti ọ̀nà mọ́ ẹrù tí ó ń ti Kánò bọ̀. Ohun tí ilé kékeré lè ṣe, òun ni kí ó ṣe é. Èyí tí ó ju agbára rẹ̀ lọ ni ti ilé ńlá.

Èyí ni a fi ń dá àwọn tí ń bẹ̀rù lóhùn pé ìjọba tí ó jìnnà yóò gbé wa mì. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe asán, nítorí a ti rí bí ilé ńlá ṣe ń gba iṣẹ́ ilé kékeré ṣe. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ tòótọ́ ni ó ń fi ààlà sí agbára ilé ńlá.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ a máa mú ẹni tí ó ṣẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023, ECOWAS ti bodè, Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná. Aláìsàn àti ọlọ́jà ni ó jìyà rẹ̀. Àwọn tí ó fipá gbàjọba jókòó sórí àga. Nítorí irú èyí ni àwọn tí ó pàdé ní Montreux, ní ilẹ̀ Switzerland, ní ọdún 1947, fi béèrè pé kí òfin àgbáyé lè dé ọ̀dọ̀ ènìyàn gan-an, ẹni yòówù kí ó jẹ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, kò tíì dé ibẹ̀. Orílẹ̀-èdè 193 ni ó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ bí ẹyọ kan nínú àwọn márùn-ún tí ó ní ìjókòó títí láé nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò bá kọ̀, ìpinnu tí ó ṣe pàtàkì dópin nìyẹn.

Ṣé kò sí ìrètí ni? Ó wà. Láti ọdún 1979 ni àwọn ará Yúróòpù ti ń fi ìbò ara wọn yan àwọn aṣòfin ilé ńlá wọn. Níhìn-ín pẹ̀lú, ìkùnà oníṣòwò yẹn kò lọ lásán: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, a tún òfin Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS ṣe, ẹnikẹ́ni tí a bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ lójú sì lè wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ti ṣí. Èyí tí ó ṣì wà ní títì ni ti ìbò. Nàìjíríà ní ìjókòó 35 ní Ilé Aṣòfin ECOWAS, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin Àbújá ni a ń mú lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin tí àwọn olórí fọwọ́ sí ní ọdún 2016 ti fàyè sílẹ̀ pé kí àwọn ènìyàn máa dìbò yàn wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí olùdíje bá dé Ọ̀tà, ẹ má ṣe bi í nípa títì àti iná nìkan. Ẹ bi í pé nígbà wo ni a ó dìbò yan aṣojú wa sí ECOWAS, àti pé ṣé ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbọ́ràn sí ilé-ẹjọ́ náà lẹ́nu bí ó bá dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ẹ̀kọ́ yín. Ọ̀nà Ìdírókò tó ìwé kíkà fún ọmọ tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá lè fi òfin àti ìbò so Ọ̀tà mọ́ Àjàṣẹ́, àwọn tí ó bára wọn tan, a kò lè sọ pé a ti ṣe tán láti so gbogbo ayé pọ̀. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.