Ta Ni Ó Ń Gba Abiyamọ Ní Ìmọ̀ràn?

Ẹ mọ̀ pé nínú ilé tí a bá ti bí ọmọ tuntun, ìmọ̀ràn kì í wọ́n. Ìyá àgbà ní tirẹ̀, ìyá ọkọ ní tirẹ̀, aládùúgbò náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ń bẹ nínú àwọn olùdámọ̀ràn wọ̀nyí tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáradára, nítorí pé òun nìkan ni ó ń jèrè nígbà tí ìyá bá ń ṣiyèméjì. Ẹni náà ni ẹni tí ń polówó wàrà inú agolo fún ìyá ìkókó.

Kí a tó bá ẹlòmíràn wí, ó tọ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin méjì kan tọ̀ wá wá ní ìjọ wa ní Abúlé Adó. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ bí ti nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ wọn tutù, wọ́n sì mú ẹ̀bùn lọ́wọ́: kàlẹ́ńdà, aṣọ ọmọ, àti agolo wàrà kéékèèké. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ àwọn aboyún ní ìtọ́jú ọmọ. Àwa ni a kéde wọn lẹ́yìn ìwàásù, àwa náà ni a sì ṣí gbọ̀ngàn fún wọn. A kò bi wọ́n léèrè ẹni tí ń san owó oṣù wọn. Lẹ́yìn oṣù méjì, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ó gba agolo náà wá bá wa pẹ̀lú omijé. Omi ọyàn rẹ̀ ti ń gbẹ lọ, kò sì sí owó tí yóò fi ra agolo mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí èyí ti í ṣẹlẹ̀. Ọlọ́run dá ọmú bẹ́ẹ̀ pé bí ọmọ bá ti ń fà á tó ni wàrà yóò máa wá tó. Ọmọ tí ìgò ti yó kò ní fa ọmú bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ọmú tí a kò sì fà, kì í pẹ́ kí wàrà rẹ̀ tó dínkù. Nígbà náà ni ìyá yóò wí pé ọmú òun kò tó ọmọ, yóò sì lọ ra agolo kejì. Ọ̀fẹ́ ni ti àkọ́kọ́. Owó ni gbogbo èyí tí ó kù. Ẹni tí ó fi ekòló sí ẹnu ìwọ̀ kò ṣàánú ẹja. Ìyá tí apá rẹ̀ kò ká owó náà yóò sì máa bu omi là á kí ó lè pẹ́. Bí omi náà kò bá sì mọ́, tàbí tí a kò fọ ìgò dáradára, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò tẹ̀lé e.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Dókítà Cicely Williams, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Ghana lónìí, tí ó sì ti inú èdè Gà mú orúkọ àìsàn kwashiorkor wá sétí àwọn oníṣègùn ayé, dìde ní Singapore ní ọdún 1939 níwájú ẹgbẹ́ Rotary. Ó pe àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Wàrà àti Ìpànìyàn. Ní ọdún 1977, àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọjà ilé iṣẹ́ Nestlé nítorí ọ̀nà tí ó ń gbà ta wàrà ọmọ ní àwọn ilẹ̀ tálákà. Ní oṣù May 1981, ìpàdé àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí ìlànà kan lórí rẹ̀: orílẹ̀-èdè 118 ní bẹ́ẹ̀ ni, Amẹ́ríkà nìkan ni ó ní rárá. Ìlànà náà wí pé kí a má ṣe polówó wàrà ọmọ fún gbogbo ènìyàn, kí a má ṣe fi agolo ọ̀fẹ́ fún aboyún tàbí ìyá ọmọ, kí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà má sì ṣe wá wọn kiri. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1990, àjọ NAFDAC ni ó sì ń ṣọ́ ọ.

Síbẹ̀ ìpolówó kò dákẹ́. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n bi òbí àti aboyún 8,500 léèrè ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó lé ní ìdajì wọn tí ìpolówó ti kàn. Lónìí kò di dandan kí aláṣọ funfun kan ilẹ̀kùn. Inú ẹ̀rọ alágbèéká tí aboyún fi sábẹ́ ìrọ̀rí ni ó ń gbà wọlé tọ̀ ọ́ lọ.

A kò wí pé májèlé ni wàrà agolo. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, tàbí tí dókítà rí ìdí pàtàkì fún, kí ó mu ún. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀sín. Nínú ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018, nínú 100 ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà ní ilẹ̀ wa, 29 péré ni ó ń mu ọmú nìkan. Ǹjẹ́ àwọn ìyá tí ó kù kò fẹ́ràn ọmọ wọn bí? Rárá o! Ní ayé àtijọ́, abiyamọ a máa jókòó ti ọmọ rẹ̀, àwọn ará ilé a sì máa dáná fún un. Ní Abúlé Adó lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni òun ti jáde lọ sí ìsọ̀ ní Trade Fair, tàbí kí ó máa wá dáńfó lọ sí Mile 2.

Agbẹ̀bí àgbà kan nínú ìjọ wa ni ó gba ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí ó máa fi ọmọ sí ọmú tọ̀sán tòru, kí ó sì máa dín ìgò kù díẹ̀díẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ gba iṣẹ́ ilé ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ ní ìsọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wàrà náà padà wá. Nígbà náà ni ojú wa là: kì í ṣe wàrà ni obìnrin yìí ṣe aláìní, àkókò àti olùrànlọ́wọ́ ni. Èyí kò sí nínú agolo, kò sì sí ẹni tí ń polówó rẹ̀.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin ọlọ́jà àti agbanisíṣẹ́ tí ẹ ń jókòó níwájú nínú ilé Ọlọ́run. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ yín obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, àti ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ ní ọmú. Ẹ má ṣe fi í dù ú. Ọmọbìnrin Fáráò, tí kì í ṣe onígbàgbọ́, san owó ọ̀yà fún Jókébédì láti tọ́ Mósè. Kí ni àwa yóò wí? Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gba omi pọn, ẹ gba ọmọ gbé. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, kí omi àti àgbo dúró títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé.

Ní ti gbọ̀ngàn wa, a kò tì í pa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá wá kọ́ àwọn ìyá wa lẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí a kò bèèrè ní ọjọ́ náà: Ta ni ó rán ọ, ta ni ó sì ń san owó rẹ? Kí Olúwa kí ó dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.