Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Ilé Àtúnṣe Ọkọ̀

Ọkọ̀ kì í ṣe àjèjì ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láti ibẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì ti ń gba orílẹ̀-èdè Benin, Tógò àti Gánà kọjá lọ sí Abidjan, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò. Ọkọ̀ tó bá ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu ara wa nípa ilé tí mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ju ohun tí a wádìí lọ.

"Bí a bá ti gbé sólà sórí òrùlé, ìnáwó iná ti parí."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé sólà kàn ń pèsè iná ni. Ilé ló ń pinnu iye tí a máa lò. Gílóòbù àtijọ́ tó ń jẹ 60 wáàtì kò mọ́lẹ̀ ju LED tó ń jẹ nǹkan bíi 9 wáàtì lọ. Bí a bá sì fi páànù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé díẹ̀ sáàárín òrùlé, gílóòbù ò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ lọ́sàn-án. Ẹni tó ra sólà kó tó tún ilé ṣe yóò ra ju ohun tó nílò lọ, ẹni tó ń tà á kò sì ní dá a dúró.

"Títì ni kí ilé kọjú sí. Kí ló kan oòrùn?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé lọ́sàn-án gangan, oòrùn máa ń ga lórí wa, òrùlé ló ń gbà á. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń rẹlẹ̀, tó máa ń yọjú wọlé. Níbi tí ilẹ̀ bá ti gbà á, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ni ká kọ sí ìlà àti ìwọ̀ oòrùn, ká kọ ẹ̀gbẹ́ gígùn sí àríwá àti gúúsù. Kò ná ni ní kọ́bọ̀ bí a bá rò ó kí a tó fa okùn ìpìlẹ̀.

"Páànù ò lè ṣe kó má gbóná."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ní oògùn. Ẹ kun apá kan ní funfun, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ pẹ̀lú ìpẹtà rẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ kan abẹ́ méjèèjì ní aago méjì ọ̀sán: ọwọ́ yín á sọ fún yín. Ooru sì máa ń lọ sókè. Bí òrùlé bá ga, tí a ṣí ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lókè pátápátá, ibẹ̀ ni yóò gbà jáde. Fèrèsé ìsàlẹ̀ nìkan kò lè lé e.

"Ọgbọ́n ìlú òkèèrè nìyẹn."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò jìnnà sí wa. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ilé Humanities tí Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì, yà ní àwọn ọdún 1960 dà bíi pírámíìdì tí a dojú rẹ̀ dé: àjà òkè yọ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ń ṣíji bò ó, ó sì ń gba òjò fún un. Kí Sharon tó dé rárá, àwọn baba wa ti mọ ògiri alámọ̀ tó nípọn, tí ooru ọ̀sán kì í tètè là kọjá.

"Ibi tí mẹkáníìkì bá wà, àdúgbò ti bàjẹ́."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àìsí ètò ló ń ba àdúgbò jẹ́. Ọ́ìlì máa ń léfòó lórí omi. Bí a bá da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, tí omi ibẹ̀ kọ́kọ́ gba inú kòtò oníyàrá mẹ́ta, ọ́ìlì yóò dúró lókè, a ó bù ú kúrò kó tó dé kànga aládùúgbò. Ilé tí kò sì jẹ iná púpọ̀ ń dín wákàtí jẹnẹrétọ̀ kù, ariwo àti èéfín olóró náà á sì dín kù.

Kò sẹ́ni tó yẹ ká bú nítorí irọ́ wọ̀nyí. Ohun tí gbogbo ìlú ń sọ, kò rọrùn láti já ní koro. Ṣùgbọ́n ilé tí a bá kọ́ láṣìṣe, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni yóò máa làágùn nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí a tó lọ ra ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bá bíríkìlà àti káfíńtà jókòó.