Igbó ilẹ̀ Òkun: Ta ló ń sùn síbẹ̀ lálẹ́, ta ló sì fún un láyè?

Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, tí oòrùn bá ti ń wọ̀ lágbègbè Kabba, àgbẹ̀ tó wà lóko kì í kánjú. Á dáná sẹ́nu ọ̀nà ahéré rẹ̀, á sun iṣu, á bu omi mu, á sì na ẹ̀yìn lórí ẹní títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè owó ibùsùn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí pé ó ń bẹ̀rù kí ẹnì kan má wá gbé òun lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Lónìí, ìrọ̀lẹ́ ò tíì lẹ́ dáadáa tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbé àdá lé èjìká, tí wọ́n ti ń wá ọ̀kadà tó máa gbé wọn wọ̀lú. Ẹni tí iṣu rẹ̀ ṣì wà nínú ebè, á fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí kaṣú rẹ̀ ń jábọ́, á ní kó máa jábọ́ lọ, ẹ̀mí ló jù.

Ibi tọ́rọ̀ ọ̀hún wá le sí ni pé, bí onílẹ̀ ṣe ń sá jáde nínú igbó lálẹ́, bẹ́ẹ̀ làwọn mí-ìn ń wọ ibẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pàgọ́ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tẹ́nikẹ́ni ò sì mọ ibi tí wọ́n ti wá. Láti Kabba dé Ìjùmú, láti Bùnú dé Ìyàgbà, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ta ló ni igbó yìí gan-an?

ÒYÌNBÓ TÓ NÍLÉ, TÓ LỌ Ń SÙN NÍNÚ IGBÓ

Ẹ kọ́kọ́ wo Amẹ́ríkà ná. Lọ́hùn-ún, ìjọba àpapọ̀ ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bureau of Land Management, tó ń bójú tó ilẹ̀ tó tó ẹ́kà mílíọ̀nù 245. Apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà lèyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe tóbi tó, ẹ ká gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà jọ, láti Sókótó dé Calabar, kò tó o, nítorí nǹkan bí ẹ́kà mílíọ̀nù 228 péré ni tiwa. Lórí ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ ìjọba yìí, ẹni tó bá wù ú lè wa mọ́tò rẹ̀ wọ inú igbó tàbí inú aṣálẹ̀, kó ta àgọ́, kó sùn, kó jí, kò ní san kọ́bọ̀.

Ẹ má sì rò pé gbogbo wọn ni kò rílé gbé o. Fàájì ni fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó ní ilé alájà, tó ní bẹ́ẹ̀dì tìmùtìmù àti ẹ̀rọ amúlétutù, á fi í sílẹ̀, á lọ nà gbalaja sórí ilẹ̀ nítorí kó ṣáà lè rí ìràwọ̀ lójú ọ̀run. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ á ní, "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe é?"

Àmọ́ ọ̀fẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Ọjọ́ 14 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láàrin ọjọ́ 28, tó bá ti pé, kó kẹ́rù rẹ̀ ńlẹ̀ ni. Kò gbọ́dọ̀ pàgọ́ ti odò pẹ́kípẹ́kí kó má baà ba omi jẹ́. Ìdọ̀tí tó bá gbé wá, òun náà ló máa gbé e lọ. Ìgbẹ́ tó bá yà, á gbẹ́ ilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Iná tó bá dá, á pa á títí eérú rẹ̀ á fi tutù nini. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, ìjọba lè ní kẹ́nikẹ́ni má dáná rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ wà tó ń lọ yíká, tó ń wò bóyá èèyàn ń pa òfin náà mọ́.

Ẹ ṣe é ní méjì. Pé ilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ò túmọ̀ sí pé kò lólówó. Nítorí pé ẹni tó nilẹ̀ mọ̀ pé òun lòun ni ín ló ṣe lẹ́nu láti sọ pé, "Ẹ sùn, àmọ́ ọjọ́ báyìí lẹ máa lò." Kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ fi í sọ́kàn.

ỌMỌ ÒKUN NÁÀ MỌ̀ Ọ́N SÙN LÓKO

Ẹni tó bá ní sísùn nínú igbó ṣàjèjì sí ọmọ Òkun, onítọ̀hún ò mọ ìtàn. Àwọn Owé tó ni Kabba, àwọn Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn baba wọn. Oko ẹgàn jìnnà sílé, kò sì sí mọ́tò. Tí ìgbà ebè kíkọ tàbí ìgbà ìkórè bá dé, abà ni wọ́n ń kó lọ tọmọ-tìyàwó, wọ́n lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó yọjú sílé. Ọdẹ á wọgbó lónìí, ó di ọ̀tunla kó tó jáde.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í kàn lọ sùn bákan ṣáá. Igbó tẹ́ ẹ̀ ń wò tó dà bíi pé kò lólówó yẹn, ìdílé kan ló ni ín. Àlejò tó bá fẹ́ dáko tàbí tó fẹ́ pàgọ́ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ àgbà ilé ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Á kí wọn, á sọ ìlú tó ti wá, á sọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe àti ìgbà tó máa kúrò. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, ìṣákọ́lẹ̀ lálejò bẹ́ẹ̀ ń san lọ́dọọdún. Kì í ṣe owó gọbọi, ẹ̀rí lásán ni pé àlejò mọ ara rẹ̀ ní àlejò.

Kódà, orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo wọn pọ̀ lónìí, inú ìkíni ló ti wá. "Òkun o" ni wọ́n fi ń kíra wọn. Bẹ́nì kan bá kí ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ lọ́nà oko, ohùn tónítọ̀hún máa fi dáhùn ti tó láti mọ̀ bóyá ọmọ Ìyàgbà ni, ọmọ Bùnú ni, àbí ẹni tí kò gbọ́ èdè rárá. Ìkíni lásán ṣe iṣẹ́ ìwé àṣẹ.

Ìgbà kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀rù ló lé wọn wọ inú òkè. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà ń ya wọ ilẹ̀ náà léraléra, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tipátipá. Ọ̀pọ̀ ìlú fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gun orí àpáta lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gbéra láti Lọ́kọ́jà, wọ́n lé ọmọ ogun Tápà kúrò ní Kabba, kóṣù náà tó parí, wọ́n ti gba Bídà fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn làwọn tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí. Nígbà náà, inú ìlú ni ewu wà, igbó àti òkè ni wọ́n ń sá lọ. Lónìí, inú igbó ni ewu wà, ìlú ni wọ́n ń sá wọ̀.

KÍ NI ÒFIN SỌ?

Ọdún 1978 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé òfin ilẹ̀ jáde, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò. Ohun tó sọ ni pé gómìnà ló di gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀ mú fún àǹfààní aráàlú. Ilẹ̀ ìgboro, ọwọ́ gómìnà ló wà. Ilẹ̀ oko, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà. Ẹni tó sì ti ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀ kí òfin yẹn tó dé, òfin ní kó máa lò ó lọ.

Ìjọba ìbílẹ̀ lè fún èèyàn nílẹ̀ láti dáko, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju hẹ́kítà 500 lọ fẹ́nì kan, ìyẹn bíi pápá bọ́ọ̀lù 700. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ìjẹko màlúù ni, kò gbọ́dọ̀ ju hẹ́kítà 5,000 lọ. Èyí tó bá ti kọjá ìyẹn, àfi kí gómìnà fọwọ́ sí i. Igbó ọba tún wà lọ́tọ̀, ìyẹn èyí tí ìjọba fi pààlà, téèyàn ò gbọ́dọ̀ wọ̀ láti gégi, dáko tàbí ṣọdẹ láìgbàṣẹ.

Ẹ wá inú òfin náà títí, ẹ ò ní rí ibi tó ti ní kí ẹnikẹ́ni wọ igbó onígbó, kó pàgọ́ ọjọ́ 14 lọ́fẹ̀ẹ́ bíi ti Amẹ́ríkà. Nínú ìwé, gbogbo igbó ló lólówó. Lójú ayé, ta ló ń ṣọ́ ọ? Ẹsẹ̀ ọlọ́pàá kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú títì, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ò sì sí mọ́tò tó lè wọ ẹgàn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu tí ògiri là ni wọ́n ń gbà wọlé yìí.

GÁÀ YÀTỌ̀ SÍ IBÙBA

Kí ọ̀rọ̀ má baà di àṣìsọ, ó yẹ kí wọ́n ya àwọn tó ń sùn nínú igbó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn Fúlàní kan ti wà lágbègbè náà tipẹ́. Wọ́n gbàyè lọ́wọ́ onílẹ̀ kí wọ́n tó pa gáà wọn, àwọn ìyàwó wọn ń ta wàrà lọ́jà, ìgbẹ́ màlúù wọn sì ń sọ ilẹ̀ àgbẹ̀ di ọlọ́ràá. Irú wọn mọ baálẹ̀, baálẹ̀ náà mọ̀ wọ́n. Nígbà táwọn ajínigbé dé, wọn ò yọ Fúlàní alágbàtọ́ sílẹ̀, wọ́n ń gbé àwọn náà.

Àwọn tó dá wàhálà sílẹ̀ ni àwọn tó ń da agbo màlúù ńlá wọlé lóru, tí wọn ò kí ẹnikẹ́ni, tílẹ̀ á mọ́ táwọn àgbẹ̀ á bá ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo nílẹ̀ gbirigbiri. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ìpínlẹ̀ Èkìtì tó bá ilẹ̀ Òkun pààlà ṣòfin lọ́dún 2016 pé ibi tí ìjọba bá yàn nìkan ni kí màlúù ti máa jẹko, láti aago méje àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lọ́dún 2018, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń gbèrò láti ya ilẹ̀ ńláńlá sọ́tọ̀ fáwọn màlúù, Gómìnà Yahaya Bello ní ìpínlẹ̀ Kogi ṣetán láti fi ilẹ̀ sílẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ ọmọ Òkun, wọ́n ní wọn ò kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín.

Àwọn kẹta ló wá burú jù. Àwọn wọ̀nyí ò ní màlúù, wọn ò ní oko, ìbọn ni wọ́n ní. Lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kabba, wọ́n sì tú ẹlẹ́wọ̀n 240 sílẹ̀ nínú 294 tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n padà rí mú, àmọ́ láti ìgbà náà lara ti ń fu àwọn ará ìlú sí igbó tó yí wọn ká. Ọ̀nà Kabba sí Obajana, táwọn tírélà sìmẹ́ńtì ń gbà, di ibi tí awakọ̀ ń gbàdúrà kó tó kọjá. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ Ansaru méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni olórí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mahmuda, tí ibùba wọn wà nínú àti láyìíká igbó ìjọba àpapọ̀ ní Kainji, tó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara. Igbó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹranko àti arìnrìn-àjò afẹ́, òun lẹ́ni ibi rí sùn sí.

ÀGBẸ̀ LÓ Ń JẸ̀YÀ, ARÁ ÌGBORO NÁÀ Ń SAN ÁN

Ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn lè ní kí ló kan òun. Ó kàn án. Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kaṣú ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni èso rẹ̀ ń jábọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olè á kó o tàbí kí òjò bà á jẹ́. Ẹni tí kò lè sun oko lásìkò yẹn, tó ní láti lọ, tó ní láti bọ̀ lójúmọ́, owó ọ̀kadà á jẹ èrè rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló sì máa rí ṣe. Bákan náà ni ti iṣu àti ẹ̀gẹ́. Iṣu tí kò jáde láti Kabba, ọjà ìgboro ni owó rẹ̀ ti máa ń fò.

Nígbà náà, kí ni ṣíṣe? Wọn ò lè fi ọgbà yí gbogbo igbó ká. Àwọn agùnbánirọ̀ ń lo ọjọ́ 21 nínú kámpù tó ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì. Àgbẹ̀ ò lè rí irú ẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi ti ń lo ọdẹ ìbílẹ̀ pẹ̀lú sójà àti ọlọ́pàá, ìyẹn dára, nítorí ọdẹ ló mọ ojú ọ̀nà tí kò sí nínú máàpù. Àmọ́ ọdẹ ò lè mọ àlejò tí baálẹ̀ kò mọ̀.

Ohun táwọn baba ń ṣe láyé àtijọ́ ṣì wúlò: kí orúkọ gbogbo ẹni tó ń sun oko, onílẹ̀, àgbàṣe, darandaran àti ẹni tó ń lagi, wà lọ́wọ́ baálẹ̀, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Káwọn olóko tó wà nítòsí ara wọn pa abà wọn pọ̀, dípò kóníkálùkù dá sùn. Kí ẹni tó bá rí àgọ́ tuntun tètè sọ, kó má sì fọwọ́ ara rẹ̀ mú nǹkan.

Àwọn ọmọ Òkun tó ń wálé fún ọdún iṣu tàbí Kérésì, tó ń wù láti gun òkè lọ ya fọ́tò, wọn ò ṣẹ̀. Ilẹ̀ wọn ni, ilẹ̀ tó sì rẹwà ni. Kí wọ́n ṣáà mú ọmọ ìlú tó mọ̀nà dání, kí wọ́n sọ fúnlé pé ibi báyìí làwọn ń lọ, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí wọ́n bá dáná lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n pa á kú pátápátá, nítorí iná kékeré kan ti tó láti jó oko kaṣú tẹ́nì kan fi ọdún mẹ́wàá gbìn.

Òyìnbó ń sun igbó rẹ̀ ní ọ̀fẹ́ nítorí ó dá a lójú pé ẹnì kan ń ṣọ́ ọ. Ìyẹn làwọn ará Òkun náà ń béèrè. Wọn ò ní kẹ́nikẹ́ni má sùn nínú igbó mọ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé, tí ọmọ onílẹ̀ bá kígbe "Òkun o" lójú ọ̀nà oko nírọ̀lẹ́, kó jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló máa dá a lóhùn.