Kí táńkà tó gbiná: ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó wà lọ́wọ́ àdúgbò

Ẹni tó bá ti gba ojú títì láti Èkó lọ sí Benin rí mọ Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ti ń yà kí èrò lè jẹun, kí wọ́n sì nasẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin. Nígbà ogun abẹ́lé, lọ́dún 1967, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra tó forí lé Èkó dúró. Oríta ló ń bọ́ ìlú náà, oríta náà ló sì ń gbé ewu wọ̀lú.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ fún àjálù ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, níbi tí Ọ̀rẹ̀ wà, fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì. Ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ fún àwọn tí ilẹ̀ ń mì mọ́ lẹ́sẹ̀ ní Japan wúlò fún wọn lọ́hùn-ún. Níbí, táńkà epo ló ń kọjá níwájú ilé wa lọ́sàn-án lóru.

Táńkà tó wọ́pọ̀ lọ́nà wa ń gbé 33,000 tàbí 45,000 lítà bẹntiróòlù. Àwọn kan tilẹ̀ ń gbé ju 60,000 lọ, kó tó di pé NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo, kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2025, kò sí èyí tó gbọdọ̀ gbé ju 60,000 lítà mọ́. Ọ̀rọ̀ ìwúwo ni. Ẹrù tó wúwo kì í jẹ́ kí bíréèkì tètè mú ọkọ̀. Epo tó ń rú lọ rú bọ̀ nínú táńkì náà sì máa ń ti ọkọ̀ ṣubú bó bá já kọ́nà lójijì tàbí bó bá ń yẹ kòtò.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ni bí bẹntiróòlù ṣe ń gbiná. Epo tí ojú rí nílẹ̀ kọ́ ló ń jó ní tòótọ́, gáàsì tó ń ru jáde lára rẹ̀ ni. Kò dìgbà tí oòrùn bá mú kó tó ru. Kódà níbi tí omi ti di yìnyín, bẹntiróòlù ń ru gáàsì tó lè gbiná. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń rá mọ́. Á wọ gọ́tà, á tọ ọ̀gbun lọ, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò mọ̀ pé táńkà ṣubú. Bó bá ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ dé ìwọ̀n kan, nǹkan bí ìdá 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún, kí iná kékeré kan ṣáà ti ta pàrà ló kù. Ọ̀kadà tí wọ́n ta lè fà á. Jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé lè fà á, tàbí ẹ̀yinná tí wọ́n fi ń sun àgbàdo, tàbí irin táńkà tó ń ha títì nígbà tí wọ́n ń gbé e dìde. Ẹni tó ń bu epo kò ní láti ṣáná kó tó jóná. Iná lè bẹ̀rẹ̀ lókèèrè, kó tọ gáàsì náà wá bá a.

Ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù kẹwàá 2024, ó lé ní 150 èèyàn tó kú báyìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 2025, ó lé ní 80 ní Dikko, ìpínlẹ̀ Niger. Freetown ní Sierra Leone rí i ní oṣù kọkànlá 2021, Morogoro ní Tanzania rí i ní oṣù kẹjọ 2019. Ní Pakistan, lọ́dún 2017, iye tó kú ju 200 lọ. Bákan náà ló ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ibi wọ̀nyí: epo dà, iná kò sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ààyè wà díẹ̀, inú ààyè yẹn sì ni èrò ti ya lọ síbi epo.

Mi ò sí lára àwọn tó ń pe àwọn olóògbé wọ̀nyí ní olójúkòkòrò. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, lítà kan kò tó 200 náírà. Ní oṣù kẹwàá 2024, nígbà tí ti Majiya ṣẹlẹ̀, ó ti tó nǹkan bí 1,000. Ẹni tí owó epo ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rí kẹ́gì mẹ́ta ọ̀fẹ́ nílẹ̀, kò rí gáàsì tó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ìwàásù ọjọ́ náà kò lè dá a dúró. Àfi ohun tí àdúgbò bá ti jọ fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀, tí olúkúlùkù sì mọ̀ pé aládùúgbò òun mọ̀.

Àwọn ará Bangladesh ṣe irú rẹ̀, ó sì gbà wọ́n. Ìjì òkun kan pa tó 300,000 èèyàn, ó kéré tán, níbẹ̀ ní 1970. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba àti ẹgbẹ́ Red Cross yan èèyàn láti abúlé kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n fún wọn ní gbohùngbohùn àti àsíá, wọ́n sì kọ́ wọn ní ilé tí kálukú yóò kàn sí. Àwọn olùyọ̀ǹda wọ̀nyí ti lé ní 70,000 lónìí. Ìjì ṣì ń jà, ṣùgbọ́n iye tó ń kú ti dín kù lọ́nà tó yani lẹ́nu, lára ohun tó sì fà á ni pé ohùn ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Kò sí èyí tó ṣòro fún wa níbẹ̀. Gbohùngbohùn wà ní mọ́ṣáláṣí, aago wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, agogo wà lọ́wọ́ akéde. Kí baálẹ̀, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ onílé, àwọn alága ọlọ́kadà àti ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n fẹnu kò lórí àmì kan tí kò jọ ìpè ìrun tàbí ìpè ìsìn. Bí àmì yẹn bá dún, kí gbogbo ojúlé pa iná àdògán, iná gáàsì àti jẹnẹrétọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ọkọ̀ nítòsí. Kí wọ́n dojú kọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kí wọ́n gba orí òkè lọ, kí wọ́n sì yẹra fún gọ́tà. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ panápaná ń lò ni 300 mítà, ó kéré tán, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ gáàsì lọ bí epo púpọ̀ bá dà, àti 800 mítà bí iná bá ti mú táńkà. Ẹni kan ni kó pe ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, lórí 122, kí ẹlòmíràn pe 112. Ẹ má da omi sí i. Epo máa ń léfòó lórí omi, omi á sì gbé iná náà lọ sí ilé tí kò tíì dé. Fóòmù ni panápaná fi ń pa á.

Ti inú ilé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kẹ́gì epo kò gbọdọ̀ sùn sí yàrá tàbí ilé ìdáná, a kì í sì í rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ṣì gbóná. 

Bí iná bá jó èèyàn, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ẹyin, òrí, epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín kùn ún. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń há ooru mọ́ ara, dókítà á sì tún ní láti ha wọ́n kúrò lójú egbò. Ẹ bọ́ òrùka kí ọwọ́ tó wú, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ọ̀rẹ̀. Fún èyí tó bá ju agbára rẹ̀ lọ, ibùdó ìtọ́jú ọgbẹ́ ìjàǹbá tí ìjọba Mímikò, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ́lẹ̀, kọ́ wà nílùú Oǹdó, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn fún ẹni tí ara rẹ̀ ti bó. Nítorí náà, kí àdúgbò ti mọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbé aláìsàn lóru. Ní àwọn abúlé kòkó tó wà nínú igbó, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń wá tó ń lọ, ọlọ́kadà méjì ni kí wọ́n yàn, torí ọ̀kan lè má sí nílé. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, torí fóònù tí wọ́n tọ́jú nọ́ńbà náà sí lè ti kú.