Kẹ̀kẹ́ Bàbá Àgbà: Ṣé Ká Tún Un Ṣe ni, àbí Ká Ra Òmíràn?

Ní ọ̀pọ̀ agboolé nílẹ̀ Yorùbá, kẹ̀kẹ́ ológeere kan ṣì fara ti ògiri, ó ti dógùn-ún, táyà rẹ̀ sì ti rọ̀. Bí ẹ bá nu eruku ara rẹ̀, Raleigh ni ẹ ó sáábà rí níbẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí mọ́tò ò tíì pọ̀, òun ni tíṣà ń gùn lọ sílé ẹ̀kọ́, òun náà ni àgbẹ̀ fi ń gbé kòkó wọ̀lú. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí owó ọkọ̀ sì fò sókè, ó tọ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Férémù ni kó dá ẹjọ́ náà. Táyà, ṣéènì, bíréèkì àti ìjókòó, rírà ni gbogbo wọn. Férémù ni kẹ̀kẹ́ gan-an. Irin ni wọ́n fi ṣe ti àtijọ́, nítorí náà bí ọ̀pá kan bá sán, wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè jó o padà. Àlùmíníọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru iná a máa gba agbára rẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá sì ti sán, kó má náwó lé e lórí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ọ̀pá tó ti ọrùn kẹ̀kẹ́ lọ síbi pẹ́dà. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá hunjọ, tí irin sì wú lẹ́yìn ọrùn náà, kẹ̀kẹ́ yẹn ti forí sọ nǹkan rí. Ìdógùn-ún ojú lásán kò pa á lára; èyí tó ti jẹ irin lu ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ṣéènì ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ó lè máa yí, kó sì ti gbó. Ẹ gbé rúlà lé e, láti àárín píìnì kan dé àárín èyí tó yẹ kó bọ́ sí ìǹṣì 12 gééré. Bó bá fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ìǹṣì kọjá àmì náà, ṣéènì nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Bó bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ kọjá, ó ti jẹ eyín àwọn irin tó ń yí lé lórí; ṣéènì tuntun yóò máa fò lórí wọn, àfi kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ papọ̀. Ibẹ̀ ni owó àtúnṣe ti ń wọ́n.

Táyà náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Raleigh àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 28 ń lo rímù mìlímítà 635. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ìgbàlódé tí wọ́n tún ń pè ní 28, 622 ni tiwọn. Táyà ọ̀kan kò wọ èkejì. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, bíi 40-635, ni kí ẹ mú lọ sọ́jà.

Bíréèkì kì í ṣe ohun tí à ń ṣún owó sí, pàápàá nítorí rímù irin kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tètè dúró bí òjò bá pa á.

Rírà òmíràn tọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ kò bá bá ẹni tó fẹ́ gùn ún mu. Bí ọmọ bá jókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé pẹ́dà, kò sí àtúnṣe tó lè sọ férémù di kékeré. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra fún tuntun olówó pọ́ọ́kú tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn: ṣọ́ọ̀kì yẹn ń mú un wúwo, ó tètè ń bàjẹ́, kò sì wúlò lójú títì ọlọ́dà. Tòkunbọ̀ tí férémù rẹ̀ pé sàn jù ú lọ.

Bí ti bàbá àgbà bá gún, tó sì bá yín mu, ẹ tún un ṣe. Kí oníṣẹ́ tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ẹ ní kó ka gbogbo ohun tí yóò pààrọ̀, kó sì dá iye lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.