Kóńgò tí New York Fi Ń Wọn Owó Ìlera Òṣìṣẹ́

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bá wo ìwé owó oṣù rẹ̀ dáadáa, yóò rí iye tí wọ́n yọ fún Ìlera Èkó. Èyí tó rí yẹn kọ́ ni gbogbo owó náà. Nínú náírà 100 tí adójútòfò ìlera rẹ̀ bá jẹ́, 25 ló ti àpò tirẹ̀ jáde, ìjọba ló san 75. Òfin ètò náà ti wà láti ọdún 2015, òfin àpapọ̀ ti 2022 sì ti sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà. Ìpín wa kò lọ́jú pọ̀: tìrẹ rèé, tèmi rèé. Bí owó bá gbówó lórí, kálukú ló máa kàn.

Ní ìlú New York, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ti ń ṣe nọ́ọ̀sì àti tíṣà, òfin kò pín owó báyìí. Ohun tó sọ ni pé ìjọba ìlú ni yóò san gbogbo owó adójútòfò ìlera òṣìṣẹ́ rẹ̀, ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, àti ti ìdílé tó gbára lé wọn. Àmọ́ iye náà kò gbọdọ̀ ju owó ètò kan ṣoṣo lọ. HIP ni orúkọ ètò náà. Bí èyí tí o mú kò bá wọ́n ju HIP lọ, wọn kò ní yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù rẹ. Bó bá wọ́n jù ú lọ, ìwọ lo máa fi ìyókù kún un. Abala 12-126 ni ìlànà yìí wà nínú òfin ìlú náà, láti 1967.

HIP ni kóńgò wọn. A sì mọ ìwà kóńgò lọ́jà: iye tí wọ́n ń ta gàárì lè má yí padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lu ìdí kóńgò wọnú, ohun tí a gbé délé ti dín kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìjà owó ìlera ní New York kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìjà ta ni yóò san án. Ìjà kóńgò ni.

Gbèsè ló bí HIP. Fiorello La Guardia, méyọ̀ ìlú náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, rí i pé owó dókítà ń ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlú sínú gbèsè, ó sì gbé ètò náà dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kúrò nípò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Nígbà náà, ìlú ń san ìdajì, òṣìṣẹ́ ń san ìdajì. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ni ìlú gba gbogbo ẹrù.

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀fẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ṣì ń sanwó díẹ̀ nígbà tó bá lọ rí dókítà. Ìgbàkigbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá sì jókòó pẹ̀lú ìjọba lórí owó oṣù, wọ́n á sọ ti ìlera mọ́ ọn. Ní 2014, kí àdéhùn owó oṣù tuntun lè fìdí múlẹ̀, wọ́n ṣèlérí láti bá ìjọba dín ìnáwó ìlera kù ní bílíọ̀nù 3.4 dọ́là láàárín ọdún mẹ́rin.

Ètò míì, GHI, ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ mú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó rẹ̀ kò tó ti HIP, ìjọba ṣì ń san iye HIP, ìyàtọ̀ náà á sì bọ́ sínú àpò kan tí ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ ń ṣàkóso. Àpò yẹn ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, owó GHI gòkè lé HIP bá, àpò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ibẹ̀ ni ojú ti yí sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì àti ìdílé wọn, nǹkan bí 250,000 ènìyàn. Medicare ti ìjọba àpapọ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú wọn, ìlú ń san àfikún. Ní 2021, ìjọba ìlú fẹ́ kó wọn sínú Medicare Advantage tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ń darí, kó lè fi nǹkan bí 600 mílíọ̀nù dọ́là pamọ́ lọ́dún. Ẹni tó bá lóun ò kúrò nínú ètò àtijọ́ yóò máa san 191 dọ́là lóṣù.

Wọ́n kọ̀, wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́. Ìjọba ní kóńgò àwọn arúgbó yàtọ̀, pé ètò Medicare tí owó rẹ̀ kéré ni kí wọ́n fi wọn tiwọn. Adájọ́ kò gbà. Ní oṣù Kejìlá 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ New York fọwọ́ sí i pé owó 191 dọ́là yẹn kò bófin mu. Nínú ẹjọ́ mìíràn, ní oṣù Kẹfà 2025, ilé ẹjọ́ kan náà dá ìjọba láre pé kò ṣe ìlérí tó dè é mọ́ ètò àtijọ́. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, Eric Adams, tó jẹ́ méyọ̀ nígbà náà, kéde pé òun kò ní gbé wọn lọ mọ́.

Ẹ̀yìn àwọn arúgbó yìí ni mo wà. Ẹni tó gbá ìgboro, tó pa iná, tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún ti san owó yìí sílẹ̀, nínú owó oṣù tó gbà pé kó má fi bẹ́ẹ̀ gòkè. Ìkéde méyọ̀ kan kò sì de méyọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn arúgbó náà fi ń lọ bá ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú, pé kí wọ́n kọ ààbò ètò àtijọ́ náà sínú òfin.